Ọdẹ Méjì, Tòlótòló Kan



Bí a bá sọ fún ẹnìkan ní ilé wa níbí pé ọkùnrin kan jí ní òru, ó gbé ìbọn, ó wọ inú igbó lọ láti pa tòlótòló, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Tòlótòló tí àwọn ọmọdé ń lé kiri ẹ̀yìnkùlé, tí ń fẹ́ ìrù, tí ń wú bí ẹni pé òun ni ó kọ́ ilé, kí ni ìbọn ń wá nínú ọ̀ràn rẹ̀? Ọ̀bẹ àti omi gbígbóná ti tó. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ẹyẹ náà ti ṣẹ̀, ọmọ igbó ni. Ó ń fò, orí igi gíga ni ó ń sùn, etí rẹ̀ ṣí, ojú rẹ̀ sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọdẹ bá kàn gbé ọwọ́ láti lé yànmùyánmú kúrò ní ojú, ẹyẹ náà ti rí i, ó sì ti lọ. Èyí tí àwa ń sìn nílé, ọwọ́ àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́ ni ó ti wá. Àwọn ará Sípéènì ni wọ́n gbé e kọjá òkun ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, kí ó tó di pé ó tàn ká ayé.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé lórí rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ wa ti pọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń ṣe ni àwọn náà ń ṣe. Bàbá kan nínú jámáà wa fi àwòrán ọmọ rẹ̀ hàn mí lórí tẹlifóònù. Ọmọ náà wọ aṣọ aláwọ̀ ewé láti orí dé ẹsẹ̀ bí sójà, ó kúnlẹ̀ ti akọ tòlótòló ńlá kan tí ó ti kú, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú bàbá náà dùn. Ó ní ọmọ òun ti di ọdẹ bí bàbá òun. Mo bá a yọ̀, ṣùgbọ́n mo bi í bóyá ọmọ náà mọ ẹlòmíràn tí ó wà nínú igbó yẹn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá náà wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ.

Ìbéèrè ẹlẹ́gàn kọ́ ni mo bi í. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ ọdẹ yìí ti rí, kí ẹ lè mọ ibi tí ewu gbà wọ inú rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, tòlótòló igbó fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti gé igbó kanlẹ̀, wọ́n sì ti pa ẹyẹ láìní ìdíwọ̀n. Ní 1937 ni ìjọba wọn ṣe òfin kan tí ó ya owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ìbọn àti ọta sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹran igbó. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń fi àwọ̀n ńlá tí ẹ̀tù ń jù sókè mú tòlótòló láàyè níbi tí ó kù sí, tí wọ́n ń kó o lọ sí ibi tí kò ti sí mọ́. Ní 1973 ni àwọn ọdẹ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ National Wild Turkey Federation láti ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Lónìí, tòlótòló igbó wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ ibẹ̀ àfi Alaska, iye rẹ̀ sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà. Àwọn tí ń ṣọdẹ rẹ̀ náà kò kéré, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ilẹ̀ tiwọn, igbó ìjọba ni wọ́n ń lò, níbi tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé àṣẹ lè wọ̀. Ẹyẹ pọ̀ sí i, ọdẹ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n igbó kò fẹ̀ sí i.

Ìgbà ìrúwé ni àkókò tí ọdẹ yìí dùn jù lọ, àárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, nígbà tí akọ ń wá abo. Kí ilẹ̀ tó mọ́, láti orí igi tí ó sùn sí, akọ ti ń ké, igbó a sì máa dún. Ọdẹ gbọ́dọ̀ ti wà nínú igbó kí ó tó ké. Bí ó bá ti mọ apá ibi tí ohùn náà ti wá, yóò rọra sún mọ́ ọn díẹ̀, yóò wá ìdí igi kan, yóò fi ẹ̀yìn tì í, yóò jókòó sílẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ohùn abo pè é. Ohun èlò ìpè náà wà lóríṣiríṣi: àpótí igi kékeré tí a ń fi ìdérí rẹ̀ họ etí rẹ̀, síléètì tí a ń fi igi tínrín họ, àti rọ́bà pẹlẹbẹ kan tí a ń tẹ̀ mọ́ àjà ẹnu tí a sì ń fẹ́ èémí sí. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n pè dáadáa, abo tòlótòló pàápàá yóò dá a lóhùn. Àwọn mìíràn a tún gbé ère tòlótòló tí a fi rọ́bà ṣe kalẹ̀ níwájú wọn, kí akọ lè rí ẹni tí ń pè é. Ọdẹ wọ aṣọ tí ó jọ ewé àti èèpo igi, ó fi aṣọ bo ojú, ó wọ ìbọ̀wọ́, kò gbọdọ̀ mira. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ ni ó ń lò, kò sì tọ́ kí ó yìn ín bí ẹyẹ bá jìnnà ju nǹkan bí yáàdì 40 lọ. Orí àti ọrùn ni ó ń fojú sùn.

Ó wù mí kí ẹ ṣe àkíyèsí ohun tí ọkùnrin yìí ti fi ara rẹ̀ ṣe. Ó ti pa àwọ̀ ènìyàn rẹ́, ó ti pa ìrìn ènìyàn tì, ó ti gbé ohùn ènìyàn jù sílẹ̀, ó sì ti gbé ohùn ẹyẹ wọ̀.

Wàyí o, ẹ fi ọdẹ kejì kún un. Ó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, kò mọ̀ pé ẹnìkan wà lókè. Ó gbọ́ ohùn abo, inú rẹ̀ dùn, nítorí níbi tí abo bá wà, akọ kò ní pẹ́ dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rá lọ. Ọdẹ kìn-ín-ní gbọ́ ewé gbígbẹ tí ń dún. Ẹsẹ̀ tòlótòló lórí ewé gbígbẹ àti ẹsẹ̀ ẹni tí ń yọ́ rìn, kò rọrùn láti mọ èyí yàtọ̀ sí èyí. Ó gbé ìbọn lé orúnkún, ó ń dúró. Ọdẹ kejì rí ohun kan tí ó mira ní ìdí igi, ó rí pupa díẹ̀ níbẹ̀, bóyá àǹkáṣíìfù ni, bóyá fìlà ni. Orí akọ tòlótòló a máa pọ́n. Ẹ̀yin náà lè parí ìtàn yẹn.

Kò sí ọ̀dájú nínú àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tí ó mutí. Ohun tí ó mú mi dúró ronú ni pé bí ọdẹ bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ti jọ tòlótòló tó lójú ọdẹ kejì. Nínú iṣẹ́ mìíràn, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ewu ń jìnnà sí. Awakọ̀ tí ó mọ ọkọ̀ wà kò wu ewu bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nínú iṣẹ́ yìí, ọgbọ́n iṣẹ́ gan-an ni ó ń fa ewu, kò sì sí ohun tí ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀ àfi ìwà. Ọdẹ tí kò lè fi ẹyẹ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ dé, òun náà ni yóò yìnbọn sí ohun tí kò tíì rí tán. Ojúkòkòrò kan náà ni.

Àwọn ọdẹ tiwa náà mọ ewu yìí. Ẹni tí ó gbé iná kábáìdì sí iwájú orí, tí ó ń wá ojú ẹran lóru, mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá tàn nínú òkùnkùn ni ojú ẹran. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ wa ni wọ́n ti gbé òkú ọdẹ wálé látinú igbó, tí kì í ṣe ẹranko ni ó pa á. Ṣùgbọ́n ọdẹ òru ní iná lórí, ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí iná náà láti òkèèrè. Ọdẹ tòlótòló kò ní iná. Ó ti sapá gidigidi kí ẹnikẹ́ni má baà rí òun.

Nítorí èyí ni wọ́n fi ní òfin kan tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní ìgbà ìrúwé, òfin gbà kí ọdẹ pe tòlótòló wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà kí ó yọ́ lọ bá a. Ẹni tí ó jókòó, tí ó fi ẹ̀yìn ti igi, tí ó ń wo iwájú, ìbọn rẹ̀ kò ní rìn kiri. Ẹni tí ń rá lọ síbi tí ohùn ti ń wá, ohùn ènìyàn ni ó lè máa rá lọ bá. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí òfin kò tilẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń kọ́ ọdẹ níṣẹ́ kì í dákẹ́ lórí rẹ̀: gbogbo ohùn tòlótòló tí o bá gbọ́, kọ́kọ́ kà á sí ohùn ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ wà fún iṣẹ́ yìí o, kì í ṣe pé a kàn lọ ra ìbọn. Ní 1949 ni ìpínlẹ̀ New York ti sọ ẹ̀kọ́ ààbò di dandan fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ di ọdẹ, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù sì tẹ̀lé e. Bí ọmọ yín bá ní òun ń lọ sí igbó láìjẹ́ pé ó ti jókòó sí kíláàsì náà, ẹ bá a wí.

Ní ti ìwà ọmọlúwàbí, òfin ìjọba kò lè kọ gbogbo rẹ̀ tán, nítorí náà àwọn ọdẹ ti fi ẹnu kò lórí rẹ̀ láàrin ara wọn. Èkíní ni pé ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni ó ni ibẹ̀ ní òwúrọ̀ yẹn. Igbó ìjọba kì í ṣe ti ẹnìkan, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí o bá dé ẹnu ọ̀nà igbó tí o bá ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé síbẹ̀, wá ibòmíràn lọ. Ọdẹ gidi a máa ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́kàn kí ó tó sùn. Bí o bá ti wọ inú igbó, tí o gbọ́ akọ tí ń ké, tí o sì gbọ́ ohùn abo tí ń dá a lóhùn láti ìdí igi kan, má ṣe wọ àárín wọn, má sì ṣe pe ẹyẹ náà sọ́dọ̀ ara rẹ. Àwọn ará ibẹ̀ kórìíra ẹni tí ń gé ẹyẹ lójú ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, ju bí wọ́n ti kórìíra ẹni tí kò mọ ìbọn yìn. Wọ́n sì tọ̀nà. Ẹni yẹn ti lè máa tẹ̀lé ẹyẹ náà láti ọjọ́ márùn-ún, ó mọ igi tí ó ń sùn sí, ó mọ odò tí ó ń mu. Àwọn àgbà wa ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà inú igbó, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ìwọ tí o mọ ìyà tirẹ, ro ti ẹnìkejì rẹ.

Àwọn kan yóò sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọta ìbọn kì í ṣe ẹyẹ, kì í yà fún ara rẹ̀.

Ọ̀ràn ilẹ̀ oníní tún wà. Àgbẹ̀ tí ó ní oko lè gba ọdẹ kan láàyè, kí ó sì gba èkejì láàyè láìrántí ẹni àkọ́kọ́. Ẹni tí a fún láàyè ni kí ó béèrè bóyá ẹlòmíràn wà. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀ ti tó.

Ó kan ti àwọ̀. Mo rò pé ibí yìí ni àwọn ọmọ wa lè ṣìṣe jù, nítorí ẹ̀yà wa fẹ́ràn aṣọ tí ó tàn. Orí akọ tòlótòló ní pupa, ó ní funfun, ó sì ní àwọ̀ aró. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ń ṣọdẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ pupa, tàbí funfun, tàbí àwọ̀ aró sára, ì báà ṣe ìbọ̀sẹ̀ tí ó yọ lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò, tàbí síńgílẹ́ẹ̀tì tí ó yọ lọ́rùn. Fìlà funfun tí a ń wọ̀ kírun, kí ó wà nínú àpò títí ìgbà ìrun. Dúdú pàápàá kò dára, ara ẹyẹ náà dúdú. Àwọ̀ tí ó dáàbò bo ènìyàn ni àwọ̀ ọsàn tí ń tàn yòò, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì ń wọ̀. Kò sí ẹyẹ tàbí ẹran igbó tí ó ní irú rẹ̀ lára. Kí ọdẹ wọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá ń rìn wọlé àti nígbà tí ó bá ń jáde. Bí ó bá jókòó tán, kí ó so ọ̀já irú àwọ̀ yìí mọ́ igi tí ó fara tì, kí ẹni tí ń bọ̀ lè mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹyẹ yóò rí i. Ó lè rí i ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó dúró jẹ́ẹ́ kì í bà á lẹ́rù bí ohun tí ó mira.

Igi tí a fẹ̀yìn tì, kí ó fẹ̀ ju èjìká lọ, kí ó sì ga ju orí lọ, kí ẹni tí ń bọ̀ láti ẹ̀yìn má baà lè ta ènìyàn lọ́ta. Ère rọ́bà, kí a gbé e kalẹ̀ níbi tí ọdẹ ti lè rí i láìjẹ́ pé òun wà ní ojú ìlà kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó lè yìnbọn sí i. Bí a bá sì ń gbé e rìn, kí a fi sínú àpò. Bákan náà ni òkú ẹyẹ: ẹni tí ó gbé akọ tòlótòló kọ́ èjìká, tí orí pupa ń mì, tí ìyẹ́ ń fẹ́, tí ó sì wọ aṣọ ewé, ó ti sọ ara rẹ̀ di tòlótòló tí ń rìn. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn ni kí ó fi wé e.

Bí ọdẹ bá jókòó tí ó sì rí ẹlòmíràn tí ń bọ̀, kí ni kí ó ṣe? Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lọ́kàn ni kí ó ju ọwọ́. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo gbọ́ ìdáhùn: kò gbọdọ̀ ju ọwọ́ rárá, nítorí ọwọ́ tí ó mira nínú ewé ni ẹni yẹn yóò kọ́kọ́ rí, ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ súfèé, kò sì gbọdọ̀ ké bí ẹyẹ. Kí ó dúró jẹ́ẹ́ ní ìdí igi rẹ̀, kí ó sì fi ohùn ènìyàn kígbe sókè, ketekete, pé òun wà níbẹ̀. Ẹyẹ yóò lọ. Kí ó máa lọ. Ohùn tí ó ti gbé jù sílẹ̀ láti àárọ̀ ni kí ó tún gbé wọ̀, kò sí ohun mìíràn tí ó lè gbà á.

Àṣà kan wà tí ó gbòde láìpẹ́ yìí tí èmi kò fẹ́ràn rárá. Ọdẹ yóò mú ìrù akọ tòlótòló tí ó tẹ́ rẹrẹ, yóò gbé e síwájú ojú ara rẹ̀, yóò sì máa rá lọ bá akọ mìíràn nínú pápá, kí ẹyẹ náà lè rò pé akọ ẹgbẹ́ òun ni, kí ó sì wá jà. Ó ń mú ẹyẹ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ìrù tòlótòló bo ojú nínú igbó tí ọlọ́bọn mìíràn wà, kí ni ó fẹ́ kí wọ́n pe òun? Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti fòfin dè é lórí ilẹ̀ ìjọba. Ó yẹ kí àwọn yòókù tẹ̀lé wọn.

Ẹ má ṣe rò pé afọ́jú tàbí ọmọdé ni àwọn tí ń yìnbọn lu ènìyàn. Púpọ̀ nínú wọn ti ṣọdẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá dé iwájú àwọn olùwádìí, wọ́n a máa sọ ọ́ láìṣiyèméjì pé tòlótòló ni àwọn rí, pé àwọn rí ìyẹ́ rẹ̀, pé àwọn rí orí rẹ̀. Wọn kò purọ́. Láti agogo mẹ́rin òru ni wọ́n ti ń retí tòlótòló, etí wọn ti gbọ́ ọ, ọkàn sì ti ya àwòrán rẹ̀ tán kí ojú tó dé ibẹ̀. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti jí pe ìrun mọ ohun tí ojú máa ń rí ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Kùkùté igi a máa dà bí ènìyàn tí ó jókòó, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn a máa dà bí ẹni tí ń bọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọdẹ pé kí ó rí gbogbo ẹyẹ, kí ó rí irùngbọ̀n tí ó so rọ̀ láyà rẹ̀, kí ìka tó kan ohun tí a fi ń yìn ín. Òfin pàápàá béèrè bẹ́ẹ̀: ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, akọ tàbí èyí tí ó ní irùngbọ̀n nìkan ni wọ́n gbà kí a pa ní ìgbà ìrúwé, nítorí pé abo wà lórí ẹyin. Ẹni tí kò bá lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo kò yẹ kí ó yìnbọn, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tí kò tíì mọ ẹyẹ yàtọ̀ sí ènìyàn.

Bí ẹnìkan bá rò pé àwọn tí kò kàwé ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, ẹ rántí ọjọ́ 11 oṣù kejì, 2006. Dick Cheney, tí ó jẹ́ igbákejì Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ń ṣọdẹ ẹyẹ kan tí ó jọ àparò nínú oko ńlá kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ Texas. Kì í ṣe ọdẹ tòlótòló, àwọn ọdẹ wọ̀nyí ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ọ̀kan nínú wọn, lọ́yà kan tí ń jẹ́ Harry Whittington, ẹni ọdún 78, lọ wá ẹyẹ tí ó ti pa. Ó ń padà bọ̀ wá bá àwọn yòókù, Cheney kò sì mọ̀ pé ó ti dé. Ẹyẹ kan fò, Cheney yí ìbọn tẹ̀lé e, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lójú rẹ̀, ó yìn ín. Whittington wà ní nǹkan bí yáàdì 30. Ọta wẹ́wẹ́ bà á ní ojú, ní ọrùn àti ní àyà, ọ̀kan sì rìn dé ọkàn rẹ̀ débi pé ó dá àìsàn ọkàn sí i lára ní ilé ìwòsàn. Ọlọ́run yọ ọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún rí i pé àwọn méjèèjì kò ra sítáǹbù ọdẹ dọ́là 7 tí òfin béèrè, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn. Cheney sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun ni òun yìnbọn, kò sì sí ẹlòmíràn tí a lè dá lẹ́bi. Nígbà tí Whittington jáde ní ilé ìwòsàn, òun tí wọ́n yìnbọn lù ni ó tún ń sọ pé ó dun òun, ohun tí ojú Cheney àti ìdílé rẹ̀ rí. Ó pẹ́ láyé, ó di ẹni ọdún 95 kí ó tó kú ní 2023. Àwọn ọlọ́pàá pọ̀ lẹ́yìn Cheney ní ọjọ́ yẹn, dókítà sì wà nítòsí. Ọmọ wa tí ó dá nìkan wọ igbó ìjọba kò ní irú wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé èèṣì ni, èèṣì kò sì ní ẹ̀ṣẹ̀. Nínú òfin Ìsìláàmù, ẹni tí ó ṣèèṣì pa ènìyàn kì í ṣe apànìyàn, ṣùgbọ́n kò lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ẹ̀jẹ̀ wà fún ìdílé òkú, àfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ètùtù tún wà láàrin òun àti Ọlọ́run: kí ó tú ẹrú sílẹ̀, bí kò bá sì rí ẹrú, gẹ́gẹ́ bí a kò ti lè rí i lónìí, kí ó gba ààwẹ̀ oṣù méjì gbáko, ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ já láàrin láìnídìí. Mo máa ń ro ọjọ́ ọgọ́ta náà. Ẹni tí ó ń gbà á yóò jí sáàrì lójoojúmọ́ ní agogo kan náà tí ó máa ń jí lọ sí igbó.

Ìjà lórí ẹni tí ó ni òkú ẹyẹ náà ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìbọn méjì bá dún lé ara wọn. Àwọn onímọ̀ òfin wa ti dáhùn èyí tipẹ́: ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ẹran náà débi tí kò fi lè sá lọ mọ́, òun ni ó ni ín. Bí kò bá yé wọn, kí ọ̀kan fi í sílẹ̀. Tòlótòló ni, kì í ṣe oko kòkó. Ẹni tí ó bá sì gbà á, kí ó rántí pé ó ti yẹ kí ó dárúkọ Ọlọ́run kí ó tó yìn ín, bí ó bá sì bá a láàyè, kí ó dú u. Kí ó má sáré lọ bá a pẹ̀lú ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ o, ilẹ̀ igbó a máa gbé ènìyàn ṣubú.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà sọ bí àwọn ọdẹ tí ó mọ̀wàáhù ti ń ṣe é fún mi. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ òru ni wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà igbó, òun àti òyìnbó kan tí kò mọ̀ rí, ọkọ̀ méjì, iná ọkọ̀ ṣì ń tàn. Wọ́n kí ara wọn. Òyìnbó náà ni ó kọ́kọ́ dé, nítorí náà òun ni ó kọ́kọ́ mú, ó mú òkè. Ọmọ wa mú ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n fi ẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò ní kọjá odò náà kí agogo mẹ́wàá tó lù, bí ó ti wù kí ẹyẹ ké tó ní òdìkejì. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé kékeré, apá ibi tí olúkúlùkù lọ àti àkókò tí yóò jáde, wọ́n fi há abẹ́ wáípà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹlòmíràn tí ó lè dé lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn wọn, tí wọ́n sì wọ inú òkùnkùn lọ.